Olófòófó inú Kọ̀ǹpútà

Èmi ni mo mú olófòófó wọ ọsibítù yẹn. Màmá ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Lọ́ọ̀gì ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Ìwé kan ni tí ẹnikẹ́ni kì í kọ, tí ó ń kọ ara rẹ̀. Bí o bá ṣí káàdì aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá yí nǹkan padà nínú káàdì náà, ó kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kọ ohun tí o fi rọ́pò rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó kọ aago, ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi wọlé. Kò sí ẹni tí ó lè pa ìlà kan rẹ́ nínú rẹ̀ àfi èmi tí mo ṣe é, èmi náà sì ti pinnu pé n kò ní pa á rẹ́ láé. Inú mi dùn sí i bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi han Màmá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú, ó ka bí ìlà mẹ́ta mẹ́rin.

Ó ní, "Olófòófó rè é o. Olófòófó éè gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tí kò bá ṣe nǹkan burúkú, kí ni yóò fi olófòófó ṣe? Mo ṣì máa ń gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ojú sì máa ń tì mí.

Ọsibítù aládàáni ni, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lápá Òjòwò, ó sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan létí omi lọ́hùn-ún, nítòsí Ìwòpin. Àgọ́-Ìwòyè ni èmi ń gbé. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, n kò sì kó kúrò ní yàrá tí mo gbà nígbà náà. Mo kàn ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Gbogbo káàdì aláìsàn, ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti ti etí omi, inú dátábéèsì kan náà ni wọ́n wà, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀.

Màmá ni olórí yàrá káàdì. Kì í ṣe òun ni ó bí mi. Gbogbo ọsibítù ni ó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí káàdì ṣì jẹ́ páálí pélébé tí wọ́n ń tò sínú àpótí onígi. Aláìsàn á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì lanu, Màmá á ti na ọwọ́ sí káàdì rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn àgbà yòókù dijú mọ́rí. Òun ni ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó ní kí n kọ́ òun. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń tẹ̀wé, bí ẹni tí ń fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣàṣìṣe. Ìjẹ̀bú ni ó ń bá mi sọ. Yorùbá ilé ìwé ni ó ń bá ọ̀gá dókítà àti àwọn àlejò sọ. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ́kọ, pé ọjọ́ tí iná bá jó ọkọ mi ni òun á wá bá mi ṣọ̀fọ̀.

Nǹkan kan wà nípa yàrá káàdì wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Níbẹ̀, àgbà ni ó ni iṣẹ́. Ọmọdé lè ṣe é, orúkọ àgbà ni yóò jẹ́. Nígbà tí mo ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà, mo ṣe òfin pé olórí yàrá káàdì nìkan ni ó lè yí káàdì aláìsàn padà; èmi gan-an lè kà á ni, n kò lè fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo rò pé mo hùwà olóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́ tí mo sì fẹ́ tún un ṣe kíá, Màmá á juwọ́ sí mi láti orí àga rẹ̀.

"Lo tèmi jàre. Ṣé ọmọ éè lè wọ ulé ìyá rẹ̀ ni?"

Abẹ́ kàlẹ́ńdà orí tábìlì ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà, lórí bébà kékeré kan. Èmi tí mo ń pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má ṣe fún ara wọn ní páásíwọ́ọ̀dù, èmi náà ni mo ń gbé kàlẹ́ńdà yẹn sókè. Mo kà á sí ìfẹ́. Ìfẹ́ náà sì ni, n kò lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Nígbà òjò kan, obìnrin kan ní Ìwòpin tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó lọ sí ilé ìwòsàn wa létí omi. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ ṣí káàdì rẹ̀. Ibì kan wà nínú káàdì tí a ti ń kọ oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ sí. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá níbẹ̀ ni "kò sí". Ó fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Kò pẹ́ rárá tí ojú obìnrin náà fi wú, ọ̀fun rẹ̀ dí, ó sì ṣubú lulẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì àti ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì náà kò dúró sọkún. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ wá bá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n títí di òní, ẹní ni ó sì ń hun fi jẹun.

Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé òun ti sọ fún wọn. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ gba káàdì, òun sọ pé ara òun kò gba pẹnisílíìnì, wọ́n kọ ọ́, òun sì fojú òun rí i tí wọ́n kọ ọ́.

Ọkùnrin kan bá a wá, ọmọ ìyálé rẹ̀, tí òun àti ìyálé jọ tọ́. Ìyá mi ni ó ń pe àwọn méjèèjì. Kò pariwo. Ó jókòó níwájú ọ̀gá dókítà, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Ó ní, "Ẹnìkan ló pa á rẹ́. Orúkọ ẹni náà ni mo fẹ́."

Ọ̀gá dókítà ránṣẹ́ pè mí. Mo jókòó síbi kọ̀ǹpútà mi, mo kọ nọ́ńbà káàdì obìnrin náà, mo ní kí olófòófó wá gbogbo ìgbà tí wọ́n yí ibi oògùn tí ara kọ̀ padà. Kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì. Ìlà kan ṣoṣo ni ó jáde. Tẹ́lẹ̀: pẹnisílíìnì. Nísinsìnyí: kò sí. Ọjọ́ rẹ̀, ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọ̀sán. Lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tí ó wọlé, èyí tí í ṣe orúkọ Màmá.

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, ìdùnnú ni ó ṣáájú ìbànújẹ́ náà. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ mi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá dókítà gbá mi léjìká, ó ní ìdí tí òun fi gbà mí síṣẹ́ nìyí. Mo tẹ ìlà náà jáde lórí bébà, mo fà á lé e lọ́wọ́, mo sì rìn padà sí yàrá mi bí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn. N kò bá Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, ìwé pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ka bébà tí mo tẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Mo ti ń retí kí ó sẹ́.

Ó ní, "Mi éè rántí ujọ́ yìí rárá." Ó tún bébà náà kà. "Ṣé olófòófó yìí éè lè purọ́ ni?"

Mo ní, "Kò lè purọ́, Mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń fẹ́ gbé mì padà. Mo dá a lóhùn bí onímọ̀, kò sì tilẹ̀ gbà mí ní ìṣẹ́jú kan láti rò ó. Màmá mi orí bí ẹni tí ó gbà. Ó jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì, ó sì ní kí n bá òun kà á bóyá ó dára. Yorùbá ilé ìwé ni ó fi kọ ọ́. "N kò rántí pé mo ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ní èmi ni, èmi náà ni. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí ti ń dé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà." Mo ní ó dára.

Ọ̀gá dókítà ní kí ó máa lọ sílé di ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ obìnrin náà yóò padà wá, wọn yóò sì sọ orúkọ fún un lójú ẹni tí ó ni orúkọ. Gbogbo wa mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Oṣù díẹ̀ péré ni ó kù kí Màmá fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ irú aago tí wọ́n máa rà fún un láti fi dúpẹ́. Ó wá di pé yóò jáde bí ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn, tí ọpọlọ rẹ̀ sì ti kú.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ilé rẹ̀ lọ. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé àjákọ kan wà lórí itan rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, ó sì ti kọ ọ́ kún: nọ́ńbà káàdì lápá kan, orúkọ aláìsàn lápá kejì, láti inú orí rẹ̀. Ó ń dán ara rẹ̀ wò. Ó ní kí n mú un lọ bí mo bá ń lọ, kí n fi wé ti kọ̀ǹpútà, kí n sì sọ iye tí òun gbà fún òun láìfi nǹkan pa mọ́.

Yorùbá ilé ìwé ni ó fi sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bá mi sọ ọ́ rí.

Ó ní, "Ìyá mi gbàgbé gbogbo wa kí ó tó kú. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú ni ó ń pè mí. Mo máa ń bi ara mi pé báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bóyá báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. O ṣe nǹkan, o kò sì mọ̀ pé o ṣe é."

Mo ní kò sí nǹkan tí ó ṣe orí yín, Mà. Ó ní ta ni ó tún fẹ́ ṣe é nígbà náà? 

Ìgbà tí ìrun Àsárì tó, ó dìde. Ó gbé kẹ́tù lọ sẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ omi tí ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ó wọlé, ó tẹ́ ẹní ìkírun, ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú. Ojú mi wà lára rẹ̀, ọkàn mi kò sí níbì kankan. Bí ó ṣe fa ìborùn yẹn ni mo ṣe rántí bí ó ṣe máa ń fà á ní yàrá káàdì ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó tó máa lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí aago méjìlá ààbọ̀ bá lù, ó ti jáde nìyẹn. Kì í padà títí aago mẹ́ta fi ń ku díẹ̀ kó lù. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, ọ̀gá ìbáà bínú, n kò rí i lórí àga rẹ̀ rí ní ọ̀sán Jímọ̀.

Mo fa bébà náà yọ nínú báàgì mi. Mo wo ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Mo wo kàlẹ́ńdà inú fóònù mi. Jímọ̀ ni.

Ayọ̀ gbé mi dìde. Mo fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n a kì í kọjá níwájú ẹni tí ń kírun, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ gé e, ni mo bá tún jókòó. Ìjókòó yẹn ni ó fún mi láyè láti ronú ohun tí ó kàn. Bí kì í bá ṣe òun, ta ni? Ta ni ó máa ń ṣẹ́ kù sí yàrá káàdì bí Màmá bá lọ kírun Jímọ̀? Mo mọ ẹni náà. Onígbàgbọ́ ni, kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó sì mọ ohun tí ó wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Màmá ṣì forí kanlẹ̀ nígbà tí mo jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láìdágbére.

Ọsibítù ni mo gbà lọ tààrà. Mo tún bi olófòófó léèrè, ṣùgbọ́n n kò bi í nípa káàdì kan mọ́. Mo ní kí ó kó gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lórúkọ Màmá láàárín wákàtí yẹn jáde fún mi. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó kún ojú kọ̀ǹpútà, ó tún ń bọ̀. Káàdì yìí, káàdì tọ̀hún, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ ènìyàn tí ó lè tẹ̀ ẹ́ báyẹn, kí a má tilẹ̀ sọ ti Màmá pẹ̀lú ìka kan rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa dá ṣe ni. Èmi ni mo sì ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù yẹn.

Gbogbo rẹ̀ padà wá sí mi lórí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá dókítà ti ráhùn pé ẹnì kan ń ní káàdì méjì mẹ́ta, nítorí àwọn ènìyàn á sọ káàdì nù, wọ́n á sì gba tuntun. Mo kọ iṣẹ́ kan tí yóò máa wá wọn rí. Bí káàdì méjì bá jọ ní orúkọ kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà, ẹnì kan ni. Kí ó pa wọ́n pọ̀, kí ó sì mú ohun tí ó wà nínú èyí tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn. Mo fi han Màmá. Ó ń fa ìborùn rẹ̀ nígbà náà.

Ó ní, "Dúró dè mí. Mà á wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo bá dé."

N kò dúró. Iná wà, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Mo tún rò ó pé bí Màmá bá ní òun fẹ́ wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gbà. Mo gbé kàlẹ́ńdà sókè. Nígbà tí ó dé, ó mú àkàrà sààrà wá fún mi nínú ọ̀rá bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní mo ti parí rẹ̀. Ó ní, "Ó tán? Kíákíá báyìí?" Ó ní mo mọ uṣẹ́, ó sì lọ jókòó. Mo jẹ àkàrà náà.

Bí Màmá bá ti wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìbá ti rí àṣìṣe náà. Ó mọ ilé yẹn ní Ìwòpin. Ó mọ̀ pé ìyàwó méjì ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ọkọ kan, tí àwọn méjèèjì sì tún jọ ní orúkọ mùsùlùmí kan náà, orúkọ tí kò sí ilé tí o kò ti ní bá a lápá ibí. Nínú ilé, kò sí ẹni tí ń pè wọ́n ní orúkọ náà. Ọ̀kan ni ìyálé, èkejì ni ìyàwó, ó parí. Kò sí èyí tí ó ní fóònù nínú wọn. Nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn ni àwọn méjèèjì ń kọ sílẹ̀, nítorí òun ni ọmọ tí wọ́n gbọ́kàn lé. Kò sí èyí tí ó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni a ń kọ fún un, àwọn méjèèjì sì ti sọ ọdún kan náà. Ìyálé ni ó wá sí ọsibítù gbẹ̀yìn. Kò sí oògùn tí ara tirẹ̀ kọ̀. Iṣẹ́ mi sì mú "kò sí" ìyálé, ó fi bo pẹnisílíìnì ìyàwó mọ́lẹ̀.

Mo jókòó pẹ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo dìde lójú ẹsẹ̀ tí mo lọ jẹ́wọ́. Mo wo ọ̀rọ̀ náà yíká bí ẹni tí ó fẹ́ rà á. N kò tilẹ̀ nílò láti pa ìlà kan rẹ́. Kò sí ẹlòmíràn ní ọsibítù yẹn tí ó mọ bí a ṣe ń bi olófòófó léèrè. Ìdáhùn tí mo bá gbé jáde ni wọ́n máa gbà gbọ́, mo sì ti gbé ọ̀kan jáde. Màmá fúnra rẹ̀ ti gbà. Oṣù díẹ̀ ni ó kù kí ó lọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sọ fún ara mi, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni ìwé àjákọ tí ó wà lórí itan rẹ̀. N kò mú un lọ bí ó ti wí, ṣùgbọ́n mo ti fojú bá ojú ewé kan. Mo fi díẹ̀ tí mo rántí nínú rẹ̀ wé kọ̀ǹpútà. Kò sí èyí tí ó ṣì.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá dókítà wà lórí àga rẹ̀, ọmọ obìnrin náà wà níwájú rẹ̀, Màmá sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ tí ó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Kí ọ̀gá tó ṣí fáìlì, mo ní èmi ni. Ohùn mi kéré, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo tẹ́ àwọn bébà tí mo tẹ̀ sórí tábìlì, mo ṣàlàyé Jímọ̀, mo ṣàlàyé kàlẹ́ńdà, mo ṣàlàyé káàdì méjì tí mo sọ di ọ̀kan.

Ọmọ obìnrin náà tẹ́tí sí mi títí mo fi parí.

Ó ní, "Ìyá mi méjèèjì wá di ẹnì kan lọ́wọ́ yín."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọ̀gá dókítà kọjú sí Màmá. Inú ń bí i, n kò sì mọ ẹni tí ó ń bí i sí gan-an. Ó ní, "Ẹ ò ṣe é, ẹ sì kọ̀wé pé ẹ ṣe é. Kí ló dé?"

Màmá ní, "Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í purọ́, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun kò rántí. Irọ́ ni. Ó rántí, ó kàn dá mi sí ni. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti dáàbò bò mí ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀gá mú mi dání lọ tọrọ àforíjì ní Ìwòpin. A kọjá ilé iṣẹ́ bébà tí ọkọ wọn ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, a sì bá àwọn obìnrin méjèèjì lórí ẹní kan tí kò tíì parí. Ìyálé ga, ó pupa. Ìyàwó kúrú, ó dúdú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan, ìyálé sì fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e bí ẹni tí ó fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ìyálé kọjú sí mi.

Ó ní, "Ọmọ yìí, wò wá dáadáa. Ṣé a jọra?"

Wọn kò lé mi níṣẹ́. Wọ́n gé owó oṣù mi, wọ́n sì jẹ́ kí n dúró, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ inú dátábéèsì náà. Ìyẹn dùn mí ju bí wọ́n bá ti lé mi lọ. Mo tú gbogbo káàdì tí iṣẹ́ mi pa pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń pe ilé wọn láti béèrè. Mo tún olófòófó ṣe kí ó máa kọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò àti bóyá ènìyàn ni tàbí iṣẹ́ tí ń dá ṣe. Mo fún ara mi ní páásíwọ́ọ̀dù tèmi láti fi yí káàdì padà, kí ohun tí mo bá bàjẹ́ lè máa jẹ́ orúkọ mi.

Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n aláìsàn á dé, Màmá kì í na ọwọ́ mọ́ kí wọ́n tó lanu. Á ní kí wọ́n sọ orúkọ wọn, á tún ní kí wọ́n tún un sọ. Ìwé àjákọ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá tẹ̀, á kọ́kọ́ fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo ti ṣàlàyé fún un tó ìgbà mélòó kan pé kò sí ohun tí ó ṣe orí rẹ̀, pé èmi ni mo ṣe é. Á ní òun ti gbọ́, á sì máa kọ ọ́ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó di báàgì rẹ̀, á gbé ìwé àjákọ náà wá síwájú mi, pẹ̀lú bírò. Kì í bá mi sọ Ìjẹ̀bú mọ́. Ó tó ìyá ìyá mi lọ́jọ́ orí, ó sì ti dẹ́kun láti máa pè mí ní "ìwọ".

Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, kí n lè mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é."

Mo ń fọwọ́ sí i.